350Z tó forí sọ ẹ̀yìn pikáàpù: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ara rẹ̀?

Z33_Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Nissan 350Z ọdún 2004 ni, àwọ̀ fàdákà, jíà máńúà. Ó forí sọ ẹ̀yìn pikáàpù kan lójú ọ̀nà Ìlọrin sí Ọ̀fà. Eré ò pọ̀, ẹnikẹ́ni ò farapa, ẹ́ábáàgì ò jáde. Pikáàpù ga ju ọkọ̀ yìí lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí ìkọlù náà bọ́ sókè bọ́ńpà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ká sókè láàárín. Fẹ́ńdà ọ̀tún wọlé débi pé ó ń ha táyà tí a bá ti yí sítíárìn. Bọ́ńpà ya láti ẹ̀gbẹ́ iná dé ibi nọ́ńbà. Iná ọ̀tún kán ní ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń dè é, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò fọ́. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, omi ò jò.

Pánẹ́ẹ̀bítà kan ní gáàsì lòun máa fi rọ bọ́nẹ́ẹ̀tì, òun á lù ú tẹ́, òun á fi bọ́dì fílà dí ibi tó bá ṣẹ́kù, ọjọ́ mẹ́ta iṣẹ́ ti parí. Ẹlòmíì ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, kí n lọ gé odindi iwájú wá láti ọjà pátì Ládípọ̀, kí wọ́n jó o mọ́ ọn. Èwo ni kí n tẹ̀ lé? Ṣé bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí ṣì ṣeé tún ṣe? Báwo ni wọ́n á sì ṣe kùn ún tí iwájú ò fi ní yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn?

Òòlù_Onígi

Ẹ má tẹ̀ lé ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ gáàsì yẹn ná, torí òun ló lè ba nǹkan jẹ́ jù. Alumíníọ̀mù ni bọ́nẹ́ẹ̀tì 350Z, kì í ṣe irin. Ẹ wá òòfà kékeré, ẹ gbé e lé fẹ́ńdà, á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, á já bọ́. Irin máa ń pọ́n kó tó yọ́, ojú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á rí i, á sì yọ iná kúrò. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Bó bá ti gbóná tó nǹkan bí 660 °C, ṣe ló máa jìn lójijì, ihò lẹ máa bá níbẹ̀. Kó tó dé ibẹ̀ pàápàá, iná á ti rọ̀ ọ́ jù, á wá máa dún pọ̀ngbà-pọ̀ngbà bí ìdí agolo tí èèyàn bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ìpele méjì sì ni bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, awọ òde àti egungun inú. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀, wọ́n wá ká etí òde mọ́ ti inú. Bó bá ti ká láàárín báyìí, egungun inú ti tẹ̀. Ẹni tó bá lu òde nìkan tẹ́ á kàn rí i pé bó bá bá fẹ́ńdà ọ̀tún mu, apá òsì á ga. Bó bá tẹ òsì wálẹ̀, ọ̀tún á la ẹnu. Owó iṣẹ́ àti fílà tí ẹ máa kó lé e lórí á fẹ́rẹ̀ẹ́ ra tòkunbọ̀ tó mọ́, kò sì ní rí bíi tòkunbọ̀ náà. Ẹ ra òmíì.

Iṣẹ́ gan-an: kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù, ẹ tú iwájú sílẹ̀ pátá. Bọ́ńpà kúrò, fóòmù ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, ọ̀pá tó dábùú iwájú kúrò, iná méjèèjì, ike abẹ́ ọkọ̀, fẹ́ńdà ọ̀tún àti ike tó bo inú ilé táyà. Ọ̀pá ìdábùú yẹn, alumíníọ̀mù lòun náà, òun ni wọ́n ṣe láti gba ìkọlù sára. Bó bá ti tẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Wọn kì í nà án padà, torí ibi tí wọ́n bá nà ni yóò kọ́kọ́ ká bí nǹkan bá tún kọ lù ú. Ẹ wo kọ̀ndẹ́ńsà A.C. àti rédíétọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa. Pé omi ò jò lónìí kò túmọ̀ sí pé ike ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ ò sán. Ìgbà tó bá gbóná tí omi inú rẹ̀ sì le ni yóò jò.

Ìgbà náà lẹ tó máa wọn ọkọ̀. Tépù lásán lè ṣe é bí ẹni méjì bá dì í mú gírígírí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pá ìwọ̀n tó ń fà gùn ló dára jù, torí tépù máa ń tẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì. Ẹ mú ihò kan tí ilé-iṣẹ́ gbẹ́ sórí igi ṣáàsí òsì níwájú, ẹ wọ̀n láti ibẹ̀ dé orí bóòtù ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún. Ẹ wá mú ihò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ wọ̀n dé ṣọ́ọ̀kì òsì. Méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ìyàtọ̀ bá ti ju mílímítà 3 lọ, igi ṣáàsí ti yà. Ẹ ṣe bákan náà lábẹ́ ọkọ̀, torí òkè lè gún kí ìsàlẹ̀ má gún. Ẹ tún máa wo ọ̀dà tó sán níbi tí irin méjì ti pàdé, gọ́ọ̀mù ojú ìran tó là, àti ìhunjọ lára pẹpẹ irin ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí àlàfo iwájú ilẹ̀kùn ọ̀tún bá fún lókè tó sì fẹ̀ nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kọjá bọ́ńpà àti fẹ́ńdà nìyẹn.

Nǹkan kan wà lára 350Z tó ń tú àṣírí. Níwájú, bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, ojú ibi tí táyà kọ sí nìkan lẹ lè tún ṣe. Ní ti bí táyà ṣe dàgẹ̀rẹ̀ sínú tàbí síta, kò sí bóòtù tí wọ́n máa yí. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé e dé ibi aláínmẹ́ńtì tí ẹ̀rọ sì sọ pé táyà ọ̀tún dàgẹ̀rẹ̀ ju òsì lọ, tí ẹni náà wá ní òun á "wá ọgbọ́n dá sí i", ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò. Nǹkan kan ló tẹ̀: ó lè jẹ́ apá ìsàlẹ̀, ó lè jẹ́ apá òkè, ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n so wọ́n mọ́. Alumíníọ̀mù ni àwọn apá wọ̀nyẹn, wọn kì í fi iná tàbí òòlù nà wọ́n, pípààrọ̀ ni.

Bí igi ṣáàsí bá yà díẹ̀, ẹ fà á ní tútù. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n so ṣéènì mọ́ igi máńgòrò, kí ẹnì kan wá tẹ rífáàsì. Igi máńgòrò ò mọ ọ̀nà tí ìkọlù gbà wọlé, gbogbo ara ọkọ̀ ni yóò sì máa fà dípò ibi tó yà. Kí wọ́n de ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ní ojú mẹ́rin lábẹ́ ilẹ̀kùn, kí wọ́n fà á gba ọ̀nà tí ìkọlù gbà wọlé, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe ń fà. Kí wọ́n fà á kọjá ibi tó yẹ kó dé ní mílímítà bíi mélòó kan, torí irin máa ń sún padà bí wọ́n bá tú ṣéènì. Gáàsì lórí igi ṣáàsí, rárá. Irin tó le ju ti fẹ́ńdà lọ ni wọ́n fi ṣe é; bó bá ti pọ́n, líle yẹn lọ nìyẹn.

Fẹ́ńdà ni mo fi sẹ́yìn, torí kò ṣòro. Irin ni, bóòtù ló dè é. Kí wọ́n fi bírò fa ìlà yí orí bóòtù kọ̀ọ̀kan ká kí wọ́n tó tú u, kí wọ́n lè mọ ibi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá máa lù ú, etí tó gbé sókè yí kòtò ká ni wọ́n ń kọ́kọ́ lù wálẹ̀, kí dọ́lì (kúkúrú irin tí wọ́n ń fọwọ́ dì mú lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń lù) wà nínú, lábẹ́ kòtò, kó máa tì í síta. Ẹni tó bá gbájú mọ́ àárín kòtò láti ìbẹ̀rẹ̀ ń na irin ni, irin tó bá ti nà á wá máa wú síta, fílà ni yóò sì fi bò ó.

Ṣéènì_Àti_Jáàkì

Mo fara mọ́ púpọ̀ nínú ohun tí Òòlù_Onígi wí, àyàfi ti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe gbogbo alumíníọ̀mù tó tẹ̀ ló yẹ kí á jù nù. Bí ibi tó ká kò bá gùn, tí kò sì dé etí tí wọ́n ká pọ̀, ó ṣeé yọ. Kí wọ́n lo òòlù onígi tàbí ti rọ́bà. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ atẹ́gùn gbígbóná mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe iná tó ń jó. Ọṣẹ funfun ni ẹ fi ń ṣọ́ ọ: ẹ fi pa ibi tí ẹ fẹ́ mú gbóná, bí ọṣẹ náà bá ti ń pọ́n bí àwọ̀ tíì, ẹ dúró, ìgbóná ti tó, bó bá di dúdú, ẹ ti kọjá ààlà. Kí ẹ má sì lo búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà tí wọ́n ti fi ha irin. Èérún irin tó bá wọ inú alumíníọ̀mù ni yóò máa jẹ ẹ́ lábẹ́ ọ̀dà, ọ̀dà á wú lé téńté lẹ́yìn òjò kan sí méjì.

Èyí tó ya ni kí ẹ má gbà kí ajórin àdúgbò jó. Gáàsì CO2 tí wọ́n fi ń jó irin kì í bá alumíníọ̀mù lò. Ágọ́ọ̀nù pọ́nbélé ló ń fẹ́, pẹ̀lú wáyà alumíníọ̀mù.

Òòlù_Onígi

Òótọ́ lẹ sọ nípa èyí tí kò gùn. Ẹ tún ka ìbéèrè rẹ̀: "ká sókè láàárín" ló wí. Èyí tó ká láàárín ti dé egungun inú.

Wáyà_Yẹ́lò

Ẹ̀yin onírin ti ń lu irin, kò sẹ́ni tó dárúkọ bátìrì. Kí ẹnikẹ́ni tó tú nǹkan kan níwájú ọkọ̀ yìí, ẹ yọ orí bátìrì. Kò sí níwájú bíi ti àwọn ọkọ̀ míì o, abẹ́ ìdérí ike ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì iwájú. Ẹ dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú 3 kí iná tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀rọ ẹ́ábáàgì tó tán, kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà yẹ́lò èyíkéyìí, torí ti ẹ́ábáàgì nìyẹn. Bí wọ́n bá máa jó irin, ẹ yọ orí bátìrì méjèèjì, kí ẹ sì de ẹsẹ̀ ilẹ̀ ẹ̀rọ ajórin nítòsí ibi tí wọ́n ń jó. Ẹ má lọ dè é mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, torí iná á wá gba inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọjá.

Ẹ́ábáàgì ò jáde, ó dáa, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ ìkọlù kan wà níwájú. Ẹ wo ibi tí wọ́n so ó mọ́. Bí irin tó gbé e bá tẹ̀, kí wọ́n na irin náà tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí sẹ́ńsọ̀ lè padà kọjú síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́ sí ON, iná ẹ́ábáàgì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù yẹ kó tàn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 7, kó sì kú. Bó bá ń ṣẹ́jú, ẹ̀rọ náà ti rí àléébù nìyẹn. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni yọ gílóòbù rẹ̀, tàbí kó fi wáyà tan ẹ̀rọ jẹ.

Ní ti iná iwájú: bó bá jẹ́ sẹ́nọ́ọ̀nù ni, iná tó ń fi tàn lákọ̀ọ́kọ́ ju vóòtì 20,000 lọ. Ẹ pa á, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ tó kan sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì tó kán yẹn ṣeé lẹ̀ padà bí ẹ bá ní àjákù rẹ̀ lọ́wọ́. Irin ajóná tó ń jó ike pọ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe súpà gúlù. Lẹ́yìn tó bá ti wọlé, ẹ bu omi sí i lára kí ẹ wò bóyá ó ń wọ inú. Iná tí ìkùukùu bá ti wà nínú rẹ̀ kì í pẹ́ jó ẹ̀rọ tó ń tàn án.

Ojú_Pátì

Lórí ọ̀rọ̀ "odindi iwájú": kò sí ìdí tí ẹ fi máa gé igi ṣáàsí tó gún kúrò kí ẹ wá jó ti ẹlòmíì mọ́ ọn, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó bàjẹ́ lára ọkọ̀ yìí, bóòtù ló dè é. Tí ìwọ̀n bá fi hàn pé ṣáàsí ti bàjẹ́ kọjá fífà nìkan ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wáyé.

Bí ẹ bá ń ra pátì ní Táíwò níbí tàbí tí ẹ ránṣẹ́ sí Gate ní Ìbàdàn tàbí Ládípọ̀ l'Ékòó, ẹ sọ ọdún ọkọ̀ yín, kì í ṣe "350Z" lásán. Nissan yí ojú ọkọ̀ yìí padà ní 2006: bọ́ńpà iwájú àti iná rẹ̀ yàtọ̀ sí ti 2003 sí 2005. Ní 2007 ni ẹ́ńjìnnì VQ35HR wọlé, ó ga ju VQ35DE tiyín lọ, ìdí nìyẹn tí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti 2007 fi wú láàárín. Ẹ bèèrè èyí tó tẹ́. Wọ́n á tún fẹ́ ta ti Infiniti G35 fún yín. Apá táyà àti àwọn nǹkan abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ìdílé kan náà ni wọ́n, àmọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, fẹ́ńdà àti bọ́ńpà wọn kò bá ara wọn mu.

Bí wọ́n bá gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì wá, ẹ gbé òòfà dání. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ayédèrú onírin ni, ó wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọ̀pá tó ń gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì dúró á sì máa rò ó pé kí òun já. Ẹ fi ìka tọ etí rẹ̀ nínú yíká. Etí tí wọ́n ti fi fílà ṣe kì í dán létí bí ti ilé-iṣẹ́.

Z33_Ìlọrin

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá. Òòfà já bọ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì lóòótọ́. Ó ku ọ̀rọ̀ bọ́ńpà àti ọ̀dà. Àbí kí n kúkú yí gbogbo rẹ̀ sí yẹ́lò, kí ọ̀rọ̀ àwọ̀ tó yàtọ̀ má bàa sí mọ́? Ṣé ìṣọ́ráńsì "third party" tí mo ní lè dá sí i?

Kílíà_Méjì

Ìṣọ́ráńsì yẹn, ti ẹni tí ẹ kọ lù ló wà fún. Láti January 2023 tí owó rẹ̀ ti di ₦15,000 fún ọkọ̀ aládàáni, ó lè tún ọkọ̀ oní-pikáàpù ṣe títí dé ₦3,000,000, kò ní fi kọ́bọ̀ kan ọkọ̀ tiyín. Ọkọ̀ tiyín á fẹ́ "comprehensive". Yẹ́lò ńkọ́? Bí ẹ bá yí àwọ̀, ẹ ní láti yí ìwé ọkọ̀ náà, àti pé inú ilẹ̀kùn, inú búùtù, inú ilé ẹ́ńjìnnì, gbogbo rẹ̀ lẹ máa tú. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ fàdákà.

Bọ́ńpà ná. Ẹ yí i padà, ẹ wá lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sínú ike. Bó bá jẹ́ PP tàbí TPO, súpà gúlù kò ní mú un. Àwọn tó ń fi wáyà rán an, ìyẹn á mú un pọ̀, ṣùgbọ́n ojú ìran á yọ jáde lẹ́yìn oṣù díẹ̀ bí oòrùn bá ti ń nà án tó sì ń sún un kì. Èyí tó yẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ihò kékeré sí òpin ibi tó ya kí ó má bàa ya síwájú. Ẹ wá fi pín-ìn-nì gbígbóná so ó láti inú, kí ẹ gbẹ́ ojú yíya sí àwòrán V lóde, kí ẹ sì fi ọ̀pá ike PP yọ́ sínú rẹ̀. Kí ọ̀pá ike àti bọ́ńpà jọ yọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀pá nìkan ló yọ́, á ṣí kúrò bí èèpo. Bọ́dì fílà tí a fi ń ṣe irin kò gbọ́dọ̀ dé orí bọ́ńpà, torí ó le, bọ́ńpà máa ń rọ̀, á fọ́ wẹ́wẹ́. Fílà bọ́ńpà wà lọ́tọ̀. Kí ẹ tó fi púráímà sí i, ike tó hàn síta gbọ́dọ̀ gba oògùn ìlẹ̀mọ́ ike, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó bá fi ẹ̀rọ omi fọ ọkọ̀ náà á fọ ọ̀dà kúrò lára rẹ̀.

Fẹ́ńdà: fílà kì í ṣe ọ̀tá bó bá tín-ín-rín. Kó má ju mílímítà 3 lọ nígbà tí wọ́n bá ha á tán. Ibi tí mo ti ń rí i pé iṣẹ́ ń bàjẹ́ jù ni hádínà, ohun tí wọ́n ń pò mọ́ fílà kó lè le. Gíráàmù 2 fún gíráàmù 100 fílà ni. Nínú ooru Ìlọrin, ní March sí April, ẹ lè dín in díẹ̀, ẹ má fi kún un. Ẹni tó ń kánjú á tẹ hádínà lé e kó lè yá; hádínà tó ṣẹ́kù yẹn ni yóò gba inú ọ̀dà jáde bí àbààwọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lórí fàdákà sì ni yóò ti hàn jù. Ẹ pò ó bí ẹni ń fi ọ̀bẹ tẹ bọ́tà, ẹ má rò ó yíyí, afẹ́fẹ́ ló ń wọnú rẹ̀ tó ń di ihò wínníwínní. Sáńpépà P80 ni ẹ fi ń ha á, ẹ lọ sí P120 àti P180, pẹ̀lú pákó lábẹ́ sáńpépà. Ọwọ́ lásán máa ń tẹ̀ lé kòtò. Ẹ sì ha fílà ní gbígbẹ. Ó máa ń mu omi. Bí púráímà bá bo omi mọ́ inú rẹ̀, oòrùn á lé e jáde, ọ̀dà á wú.

Lẹ́yìn ìyẹn, púráímà 2K (èyí tí wọ́n ń po hádínà mọ́), ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ jẹ́ kí dídán ìkọ̀ọ̀kan lọ kí òmíì tó gun orí rẹ̀, ìṣẹ́jú 5 sí 10. Alumíníọ̀mù tó hàn síta kò gbọ́dọ̀ gba púráímà yìí tààrà, púráímà epọ́sì ló ń kọ́kọ́ gbà. Ẹ fín ọ̀dà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ sórí púráímà tó ti gbẹ, ẹ fi P600 olómi ha á. Ibi tí dúdú bá ṣì wà, kòtò ṣì wà níbẹ̀. Ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú P800 torí fàdákà ni. Ìlà sáńpépà tí kò ní hàn lábẹ́ pupa tàbí dúdú á hàn lábẹ́ fàdákà.

Ẹ má fi pẹtiróòlù nu ún. Òróró inú rẹ̀ ń dúró lórí irin. Oògùn ìnu-òróró ni, aṣọ méjì: ọ̀kan olómi, ọ̀kan gbígbẹ tó ń tẹ̀ lé e kó tó gbẹ. Bí ọ̀dà bá ń sá kúrò lójú kan tó di òrùka kékeré, sílíkọ́ọ̀nù ni, láti inú pọ́líìṣì táyà tàbí ti dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó nítòsí.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀. Kóòdù ọ̀dà wà lára páálí irin inú ilé ẹ́ńjìnnì tàbí lẹ́bàá ilẹ̀kùn awakọ̀. Kóòdù ni ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òpin. Ọ̀dà tó ti rí oòrùn láti 2004 ti yí padà. Kí wọ́n fọ́n ọ̀dà sórí páálí, kí ó gba kílíà (ọ̀dà òkè tí kò ní àwọ̀, tó ń mú un dán), kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn níta, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí wọ́n wò ó níwájú àti ní ẹ̀gbẹ́. Fàdákà lè bá ara wọn mu níwájú kó dúdú ní ẹ̀gbẹ́. Bó bá sì bá ara wọn mu pàápàá, ẹ má dá àwọ̀ dúró lójú ìran fẹ́ńdà. Ẹ jẹ́ kó rọra parẹ́ sórí ilẹ̀kùn, kí kílíà wá bo gbogbo ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akunmọ́tò ti máa ń fi owó kílíà pamọ́, tí ìyàtọ̀ á fi hàn láti òdìkejì títì.

Ìbọn ọ̀dà: ihò mílímítà 1.3 tàbí 1.4 fún ọ̀dà àti kílíà, 1.7 tàbí 1.8 fún púráímà. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ bí 2 bar lẹ́nu ìbọn, kì í ṣe lórí kọ̀mpẹ́rẹ́sọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá le jù tàbí tí ọwọ́ bá jìnnà, fàdákà á gbẹ kó tó délẹ̀, á mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ọwọ́ bá sún mọ́ jù, á ṣú, á sì di ìlàlà. Ọ̀dà méjì sí mẹ́ta, kí dídán ìkọ̀ọ̀kan kú kí òmíì tó dé, kí ẹni tó ń fín in má ṣe tún ojú kan ṣe jù. Kílíà méjì, pẹ̀lú hádínà tirẹ̀ ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára agolo. Tínnà sẹ́lúlóòsì nínú kílíà 2K jẹ́ ìdí tí ọkọ̀ ṣe ń dán lónìí tí yóò fi kú ní oṣù tó ń bọ̀.

Hádínà 2K ní ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bòjú eruku lásán kì í dá a dúró. Bòjú tó ń gba afẹ́fẹ́ mímọ́ láti ibòmíràn ló yẹ; bí ẹ ò bá rí i, ẹ má lo ohun tó kéré sí bòjú onífìlítà èédú tí fìlítà rẹ̀ jẹ́ tuntun.

Nígbà ọyẹ́, ẹ da omi sílẹ̀ kí ẹ tó fín in, kí eruku lè jókòó. Ẹ fi tàpáólì bo gbogbo ẹ̀gbẹ́. Nígbà òjò, ẹ tú omi kúrò nínú kọ̀mpẹ́rẹ́sọ̀ láràárọ̀, kí ẹ sì fi ohun tó ń gba omi sí ẹnu okùn afẹ́fẹ́.

Z33_Ìlọrin

Ọ̀gá Kílíà, ìbéèrè ìkẹyìn. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tuntun, ṣé kí wọ́n kùn ún nílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sórí ọkọ̀, àbí lórí ọkọ̀?

Kílíà_Méjì

Méjèèjì. Inú rẹ̀ àti gbogbo etí rẹ̀ ni kí wọ́n kùn nílẹ̀. Kí Òòlù_Onígi tàbí ẹni tó bá ń ṣe irin wá gbé e sórí ọkọ̀, kí wọ́n tún àlàfo rẹ̀ ṣe láàárín fẹ́ńdà méjèèjì, kí wọ́n dán kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ àti ìkọ́ kejì tó ń dì í mú wò: ẹ fa ìdè inú ọkọ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ṣí díẹ̀ kó sì tún dúró lórí ìkọ́ kejì. Ìgbà tí ìyẹn bá tọ́ tán ni kí òde gba ọ̀dà, pẹ̀lú fẹ́ńdà àti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n ṣe dúró lára ọkọ̀. Èérún fàdákà inú ọ̀dà máa ń sùn lọ́nà kan lórí ohun tó tẹ́ sílẹ̀, àti lọ́nà mìíràn lórí ohun tó dúró. Bọ́ńpà ni kí wọ́n kùn nílẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀ tó dúró bó ṣe máa wà lára ọkọ̀, kí ó jẹ́ ìbọn kan náà, ọ̀dà agolo kan náà, ọwọ́ ẹnì kan náà. Ó kéré tán, kó sùn mọ́jú kí ẹnikẹ́ni tó fi sáńpépà P2000 àti kọ̀ńpáùn (ohun ìdán ọ̀dà) kan kílíà.